Ikùn Tí Dókítà Kò Fọwọ́ Bà

"Ẹ gbé bírò yín sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, yóò bá mi wọ sàréè."

Báyìí ni dókítà àgbà náà ṣe la ẹnu lọ́jọ́ náà, ní gbọ̀ngàn òkè ilé ìwòsàn, níbi tó ti ń kọ́ àwọn dókítà ìdílé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí ìsanrajù ń dà láàmú. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà wo ara wọn lójú. Aláwàdà ni wọ́n mọ ọ̀gá wọn sí. Òun ló kọ́ wọn pé ohun tí wọn yóò máa wí fún ẹni tó bá sanra ni pé, "Ẹnu ni àìsàn yín gbà wọlé, ẹ pa á dé," tí gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yìí, kò sí ẹ̀rín. Bàbá káfíńtà kan jókòó níwájú pátápátá, ó fi fìlà lé orúnkún. Dókítà ló ránṣẹ́ pè é. Bàbá náà ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe. Ó rò pé àga tó kán ni wọ́n fẹ́ kí òun wá tún kàn.

Àìsàn ló la dókítà yìí lójú. Oògùn tí wọ́n ń fún un sí oríkèé ríro mú un sanra títí ṣòkòtò rẹ̀ ò fi sé mọ́. Nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í kù ú lórí àtẹ̀gùn, ó lọ bá dókítà kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò gbọ́ àyà rẹ̀ wò, kò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Ẹnu ló gbà wọlé, ẹ pa á dé." Ọ̀gá bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti wá gbọ́ pé ọkàn òun ti ń kú lọ, òun kò sì ní pẹ́ láyé mọ́. Ó délé, ó sunkún, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ara rẹ̀. Obìnrin aránṣọ kan ló rántí.

"Bàbá," ó yíjú sí káfíńtà, "ìyàwó yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀."

Bàbá náà gbé orí sókè.

"Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo sì rò pé mo gbọ́n. Obìnrin náà wá, ó ní, 'Dókítà, nǹkan líle kan wà nínú ikùn mi. Bí mo bá yí lórí ibùsùn, òun náà á yí. Oúnjẹ ò wù mí jẹ mọ́, síbẹ̀ ikùn ń tóbi.' Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí kò kàwé rí pàápàá á béèrè ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Èmi ò béèrè. Mo ní ọ̀rá ni. Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dùbúlẹ̀, kí ẹ fọwọ́ bà á wò.' Mo wo bẹ́ẹ̀dì tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní, 'Màmá, ẹ má ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.' Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń jẹ mí níyà jù ni pé obìnrin náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó sì ń fa ẹ̀wù bo ikùn.

"Ó tún padà wá, ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí mo fi ní, 'Ọ̀gá, ẹ ṣọ́ ìkòkò. Ìyàwó yín ń jẹun ní kọ̀rọ̀.' Obìnrin náà ní, 'Dókítà, mi ò jẹun.' Mo ní, 'Ṣé afẹ́fẹ́ ló wá ń mú yín sanra?' Ọ̀dájú ni mí.

"Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, kókó tó wà nínú rẹ̀ ti bẹ́. Ó tó orí ọmọ tuntun. Oníṣẹ́ abẹ bi mí pé, 'Ṣé o ò fọwọ́ ba ikùn yìí ni?' Mo ní mo fọwọ́ bà á, n kò rí nǹkan kan. Irọ́ ni. Obìnrin náà kò jí mọ́."

Dókítà mu omi, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ibi tó burú jù ló kù. Ọkọ rẹ̀ dúró dè mí ní kọ̀rídọ̀, ó ní, 'Kí ló pa ìyàwó mi?' Ẹ̀rù bà mí pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ tí n kò lè gbé lé ikùn aya rẹ̀, mo ní, 'Oúnjẹ ló pa á. Mo ní kí ẹ ṣọ́ ọ, ẹ ò ṣọ́ ọ tó.' Ó tẹrí ba, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, obìnrin náà ni aláìsàn aláìgbọràn tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ìsanrajù àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bi aláìsàn ní ohun tó gbé e wá kí ẹ tó bi í ní ohun tó jẹ. Ẹ fọwọ́ bà á. Ẹ gbà á gbọ́."

Ó di tábìlì mú, ó fi gbogbo ara tó wúwo náà kúnlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí."

Káfíńtà mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí orúnkún. Ohùn rẹ̀ ò ròkè rárá nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tí a kúrò lọ́dọ̀ yín, mo kan ilẹ̀kùn sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ wa. Mo fi àgádágodo sí i, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣòkòtò. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi ṣubú tí a fi gbé e wá sílé ìwòsàn, ó ní ara òun ń gbọ̀n, kí n fún òun ní búrẹ́dì díẹ̀. Mo pè é ní olè. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò ṣọ́ ọ tó."

Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dókítà yà fún un lọ́nà.

"Ẹ̀yin rí èmi bẹ̀, dókítà," ó ní. "Èmi ńkọ́, ta ni kí n bẹ̀?"