Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lẹ́nu Mi

Ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti dájọ́ ikú fún un. Okùn ni adájọ́ dárúkọ. Nígbà tó kà á tán, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọkàn mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, pé bí ẹni ńlá bá ṣàdúrà, kí n ṣe àmín. 

N ò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa yẹgi fún mi. Ìgbàkígbà tí ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì bá dún gàràgàrà, ìgbọ̀nsẹ̀ á gbé mi kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹ̀wà ni wọ́n gbé wá. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè ní Bàbá Kékeré, ẹ̀wà ló ń já a láyà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọ̀rọ̀ mi. Àwọn oníwàásù tó ń wá síbí ní kí n gbà pé Ṣàìtánì ló tì mí. Àwọn ará ilé wa ní Beyerúnká sọ pé kọ̀ǹpútà ló tú àṣírí. Kọ̀ǹpútà wo? Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò obìnrin kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó. Mádáàmù la máa ń pè é. Ẹjọ́ ogún àti ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, irú ẹjọ́ tí wọ́n fi ń pa èèyàn. Nítorí náà, kì í fi ọ̀rọ̀ tó gbóná ránṣẹ́ lásán. Á kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà, á fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa, á wá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àgbà agbẹjọ́rò tí wọ́n jọ ń ṣe ẹjọ́, ẹni tí ọ́fíìsì tirẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ. Bí o bá ṣí i láìní pásíwọ́ọ̀dù, ohun tí wàá rí dà bí ìgbà tí adìyẹ tẹ yíǹkì, tó wá rìn kọjá lórí bébà.

Pásíwọ́ọ̀dù náà kì í bá ímeèlì rìn. Kì í gba orí fóònù. Ẹnu mi ló ń gbà. Mádáàmù á sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí, èmi á fẹsẹ̀ rìn láti Mápó dé Bẹẹrẹ, màá sọ ọ́ sétí àgbà agbẹjọ́rò náà, ó tán.

“Ẹ̀yin ni kọ́kọ́rọ́, Bàbá,” ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ o.”

“Ṣé torí pé n ò mọ̀wé kọ dáadáa ni ẹ ṣe yàn mí?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Torí pé ẹ lè pa ẹnu mọ́ ni.”

Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rìn láàárín títì bí ẹni pé ọlọ́kadà ló yẹ kó yà fún mi.

Akọ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì Bẹẹrẹ tó ń jẹ́ Rájí, ọkùnrin onírùngbọ̀n. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Gbogbo ímeèlì tó bá wọlé lojú rẹ̀ ń tó, ṣùgbọ́n kò lè ka èyí tí wọ́n tì. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja: “Ọ̀gá sẹkiúrítì!” Lọ́jọ́ kan, ó ní ọ̀rẹ́ òun fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìhágún bàbá rẹ̀, èyí tí Mádáàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́.

“Kò ṣe é sọ,” mo dáhùn.

“Àbí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni, Bàbá? Ẹ má bínú. Ọjọ́ ogbó ni.”

“Ta ló gbàgbé? Èmi?”

Mo sọ ọ́ fún un kíá, bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Nítorí kí ó má baà rò pé mo ti ń ṣarán! Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní àdúgbò Àrẹ̀mọ dé. Àwọn ajagungbalẹ̀ wó ilé mọ́ ọkùnrin kan lórí, ó kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sàká, tó ń ta ọṣẹ dúdú l'Ọ́jà'ba, nìkan ló rí ojú wọn tó sì gbà láti sọ ọ́ ní kóòtù. Ìyàwó ilé wa ni Ìyá Sàká. “Ọkọ mi” ló máa ń pè mí. Mádáàmù gbé e pamọ́ síbì kan tí èmi pàápàá ò mọ̀, ó wá fẹ́ fi àdírẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Bẹẹrẹ.

“Bàbá, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni kí ẹ mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Ẹ mú èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè fọkàn rò.”

Mo sọ oríkì ìyá mi fún un, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìyá mi tí ò mọ A wọnú kọ̀ǹpútà!

Rájí ti dúró dè mí lójú ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kan. Kò dọ̀bálẹ̀.

“Ímeèlì Ìyá Sàká ti wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dà?”

“Rájí, èyí kọ́.”

“Ti ìwé ogún ńkọ́? Ṣé kí n lọ sọ fún Mádáàmù pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ń ṣílẹ̀kùn kiri?”

“Kí lẹ fẹ́ fi obìnrin yẹn ṣe?”

“Wọ́n kàn fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ni.”

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ sì gbọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù: kí Mádáàmù má baà wò mí tìkà-tẹ̀gbin, kí iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà má baà bọ́! Mo sọ oríkì ìyá mi fún Rájí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

Mo ṣì lè sáré padà lọ jẹ́wọ́. Òkè Mápó ò jìnnà. Mo lọ jíṣẹ́ mi ní Bẹẹrẹ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Rájí gbé mọ́tò wá, àwọn ọkùnrin méjì wà lẹ́yìn. Wọ́n ti rí ilé náà lẹ́yìn Ògùnpa, ṣùgbọ́n Ìyá Sàká ò ṣílẹ̀kùn fún wọn.

“Ohùn yín nìkan ló máa dá mọ̀,” Rájí wí.

Wọ́n ti fi ẹrẹ̀ kun nọ́ńbà mọ́tò náà. Ẹni tó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ kì í fi ẹrẹ̀ kun nọ́ńbà mọ́tò. Mo rí i. Mo wọ mọ́tò.

Mo kanlẹ̀kùn.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni.”

“Ọkọ mi?” Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin àgbà yìí, ẹ sì wá mi rí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá ìborùn mi.”

Ó lọ wá ìborùn, nítorí tèmi. Mo ní gbogbo àkókò yẹn láti pariwo pé kó má ṣí i. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹnu yìí là, ọjọ́ náà ló rántí pé iṣẹ́ òun ni láti pa mọ́.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ojú mi ló kọ́kọ́ rí kó tó rí tiwọn. Bàtà mi ni mò ń wò títí tó fi dákẹ́.

Nígbà tí ọlọ́pàá kó wa dé kóòtù, agbẹjọ́rò tí wọ́n yàn fún mi sọ pé àwọn ọmọ Yahoo ló já wọnú ímeèlì. Wọ́n pe ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó yẹ ẹ̀rọ náà wò, ó ní kò sí ibi tó jò. Ohun tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára pa àṣírí mọ́, èmi tí mo jẹ iyán ilé Ìyá Sàká tú u. Mádáàmù jẹ́rìí, kò sì wò mí rárá. Rájí wà ní sẹ́ẹ̀lì kẹta sí tèmi báyìí. Ó ṣì ń pè mí ní Bàbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi àṣírí ọ́fíìsì sí lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ẹni tó bá fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, ẹ sáré lọ jẹ́wọ́ kí ẹlòmíràn tó fi dè yín lọ́rùn. Kí wọ́n lé yín níbi iṣẹ́! Ǹ bá jókòó nílé láìníṣẹ́ títí dòní, kí Ìyá Sàká máa ta ọṣẹ rẹ̀, kó máa pè mí ní ọkọ rẹ̀.

Ẹ sì sọ fún àwọn oníwàásù kí wọ́n má bá mi dì í ru Ṣàìtánì. Ṣàìtánì ò mọ oríkì ìyá mi.