Ìdákẹ́ Tí Ọlásúnkànmí Fi Gba Gbọ̀ngàn

Ọlásúnkànmí gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága, ó ní kí wọ́n má tíì pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó ní ohun kan wà tí òun ti gbé mì láti ọdún méjì, àti pé bí òun bá tún gbé e relé lónìí, á pa òun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni, nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ Okun ní Nyanya. Ọdún méjì sẹ́yìn ló fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ kó lè máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwíà. Ẹgbẹ́ ló yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún un, àwọn ló wá láptọ́ọ̀pù, àwọn ìyá ló ń se oúnjẹ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Misturah, tí ìrẹsì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, ló da ètò rú. Kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó rìn wá síwájú, ó di ọwọ́ Ọlásúnkànmí mú, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Èmi ló yẹ kí n dúpẹ́. Ìwọ lo bo Gàníyátù ọmọ mi láṣìírí. O mọ ohun tó ṣe, o ò jẹ́ kó ti ẹnu rẹ jáde."

Gàníyátù kò ṣe nǹkan kan. Kò sí àṣírí kankan tí ẹnikẹ́ni ń bò. Ara Ọlásúnkànmí kò gbà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó ti kọ̀ ọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì kan náà ni òun àti Gàníyátù ti ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ló ń kọ́ òun ní sọ́fítíwíà bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, ọmọbìnrin náà ló sì kọ́kọ́ ní kí àwọn fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, kí àwọn lọ kọ́ àwọn ọmọ Nyanya. Gàníyátù ló kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ láti tọrọ gbọ̀ngàn. Ó kọ́kọ́ fún Ọlásúnkànmí kà, kó lè bá a tún un ṣe.

Kí ẹgbẹ́ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, àgbà kan gbọ́dọ̀ wádìí ìwà onítọ̀hún lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó sún mọ́ ọn. Pa Àjíṣafẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ló pàdé Ọlásúnkànmí ní gáréèjì Jabi, tó bi í pé irú èèyàn wo ni Gàníyátù. Kí ni ọ̀mọ̀wé yìí ṣe? Kò parọ́. Ì bá kúkú parọ́. Ó dorí kodò, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ lórí ìyẹn. Ọmọ ilé wa ni." Pa Àjíṣafẹ́ gbá a léjìká, ó ní ó káre, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́, torí láàárín wọn, bí ọmọlúàbí bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun dákẹ́, àgbà kì í fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ẹgbẹ́ kò dá Gàníyátù lóhùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ọlásúnkànmí fi lẹ́tà tirẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Ti Gàníyátù ló dà kọ.

Ó ní ohun tí òun kò sọ, àwọn èèyàn bá òun sọ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀gá ọ́fíìsì ló fún ọmọ náà lóyún, àwọn kan ní ọmọ náà ti ṣẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ń dé etí òun, òun sì ń jẹ ìrẹsì ìyá rẹ̀ ní Sátidé.

"Ìyẹn kọ́ ló burú jù," ló wí. Ó ní Ṣítù, tó fẹ́ fẹ́ Gàníyátù, wá bá òun nílé, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ gbólóhùn kan fún mi. Ṣé kí n fẹ́ ẹ?" Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ ọmọ náà mọ́, wọ́n á gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ òun, wọ́n á fún un. Ó wo ojú Ṣítù kòrókòró, ó ní, "Bá Ọlọ́run sọ ọ́ dáadáa." Oṣù yẹn kò tíì parí tí Ṣítù fi jáwọ́, tí Gàníyátù sì wọ reluwé ní Idu, ó di Kaduna.

Pa Àjíṣafẹ́ dìde. "Kai, ọmọ yìí. Ẹnu mi lo fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní kí Ọlásúnkànmí kó kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn sílẹ̀. Ó kó o sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ìyá Misturah, ó ní kí wọ́n dárí ji òun.

Ìyá náà kò wò ó. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́, ó sì gbé e sí ẹnu Ọlásúnkànmí. "Sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ fún wa." Ó sọ ọ́ lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò fo ìkankan, ó sì bẹ̀bẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ni Gàníyátù wí. "Ẹ gbé fóònù fún màmá mi."

Ìyá Misturah gbà á.

"Màmá, ọjọ́ tí mo búra fún yín pé mi ò ṣe nǹkan kan, kí lẹ sọ?"

Ìyá náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlásúnkànmí lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní, "Gàníyátù, èmi náà ń bẹ̀ ọ́."