Ikọ́ Lójú Fèrèsé Ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú lọ́rì Kábà kan tó ń gbọ̀n débi pé eyín mi méjì pààrọ̀ àyè, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wé láwàní.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni n ó ka ẹ̀kọ́ kìíní níbi ìsìn orin Bíbọ̀ Olúwa nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi mọ̀wé, àyà mi ń já. Ẹ bá mi wọlé."

"Èmi tí mò ń pe ìrun? Ojú fèrèsé ni n ó dúró sí."

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?"

"Bóhùn rẹ bá ti lọ sílẹ̀, n ó wúkọ́. Ikọ́ ò lẹ́sìn."

Ikọ́ ò lẹ́sìn! Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó wú u kóun gbọ́.

Ó wú u. Dírẹ́bà dá lọ́rì dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ́ńjìnnì.