Ìwé Àyẹ̀wò Etí Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ara mi le, mo jẹun yó kí n tó wá, kò sì sí ikú kankan tó ń kánjú mú mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi kan lónìí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbẹ̀rù ọ̀run ló la èmi Ernestine lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìlú wa ní Alabama níhìn-ín. Mo ń gẹ iṣẹ́ náà bí ẹyin, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́dún 1981, nọ́ọ̀sì yẹ etí àwọn ọmọ wò. Ọmọ méjì ni èsì wọn bára mu: etí wọn ò gbọ́ dáadáa. Ọ̀kan ni Marcy, ọmọ òyìnbó. Èkejì ni Darnella, ọmọ Lutie tí a jọ ń kọrin nínú ìjọ yìí. Haskew, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ní, "Ernestine, pe àwọn òbí Marcy. Kó ti ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn létí kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

"Darnella ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn? Orí ẹ̀ ló kú, kì í ṣe etí. Yàrá ẹ̀yìn ni kó lọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n pè ní olódo sí, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa sì ni gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu mi ni Darnella máa ń wò. Ṣé olódo ló ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn? Síbẹ̀ mo ki ìwé rẹ̀ bọ ìsàlẹ̀ àpótí tábìlì mi.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Lutie wọlé wá tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. "Ernestine, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ mi kì í ṣe òpònú o. Ṣé nọ́ọ̀sì ò fi ìwé kankan ránṣẹ́ ni?"

Orúnkún mi ń kan àpótí náà. Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Fọwọ́ sí i, jàre. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀." Nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́, ó fọwọ́ sí i. Mo tún yá a ní bírò, èmi ọ̀dàlẹ̀!

Ọdún mẹ́fà ni Darnella fi ń ṣa bọ́tìnnì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní yàrá yẹn dípò kó kàwé. Ó pé ọmọ ogún ọdún kí dókítà tó fi ẹ̀rọ sí i létí. Ó padà sẹ́nu ìwé. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ adití báyìí.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Lutie nílé ìdáná rẹ̀, níbi tó ti ń bó ẹ̀wà tútù. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ti abọ́ kan sí mi: "Bó o." Mo bó o títí aró èèpo rẹ̀ fi wọ̀ mí lọ́wọ́. Ìgbà náà ló ní, "Ó lé lógójì ọdún, Ernestine, tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ tèmi yìí ló ti ọmọ mi mọ́bẹ̀." Ó sunkún, ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Olóríburúkú, o mà sọ ẹrù kalẹ̀ fún mi lónìí!"

Nígbà tí Darnella náà gbọ́ ọ, òun ló rán mi sí yín. Ó ní bí mo bá fẹ́ ìdáríjì òun, kí n wá sọ ọ́ fáyé gbọ́. Mo ti sọ ọ́, màá sì sùn dáadáa lálẹ́ òní. Ẹ̀yin náà, ẹ dárí jì mí. Ẹ ó jókòó sórí irú àga akọ̀wé tí mo jókòó sí yẹn lọ́jọ́ kan, ìyá kan á sì wá béèrè ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ fà á yọ. Ẹ kà á sí i létí.