Mọ́nítọ̀ Méjì fún Bàbá Likagwa

Zione: tíṣà ní ilé ìwé àwọn adití, Zomba, Màláwì.
Ulemu: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń lọ sí Lilongwe.
Ọjọ́ Jímọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú.

[Ariwo ẹ́ńjìnnì. Adìyẹ ń ké.]

ULEMU: Hẹ́lòó?

ZIONE: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ìrìn ń lọ dáadáa?

ULEMU: A dúpẹ́. Adìyẹ kan wà lábẹ́ àga mi tó ń fẹnu gún mi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Màmá ńkọ́?

ZIONE: Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí èèyàn bá ní láptọ́ọ̀pù kan, tó sì ní mọ́nítọ̀ méjì—

ULEMU: Èèyàn wo?

ZIONE: Èèyàn ṣáá ni.

ULEMU: Kí ni èèyàn yẹn ti bàjẹ́?

ZIONE: Kò tíì ba nǹkan kan jẹ́! Ó kàn... ó kàn ṣèlérí fún ọgọ́rin èèyàn ni.

ULEMU: Zione! Ìlérí kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ZIONE: Mo gbọ́ yín. Ti Tiyamike ni, ọmọ Bàbá Likagwa.

ULEMU: Bàbá Likagwa káfíńtà? Adití tó kan àga ilé wa?

ZIONE: Àwọn gan-an. Tiyamike ti di lọ́yà! Òní ló ń búra ní kóòtù, ní Blantyre.

ULEMU: Tiyamike tó máa ń ru pákó kiri yẹn? Ó káre! Bàbá ò wá lọ?

ZIONE: Wọ́n já bọ́ láti orí òrùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ sì kán. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gbé wọn wá sí gbọ̀ngàn wa níbí, ẹsẹ̀ nà gbọnrangandan níwájú.

ULEMU: Kí ni wọ́n wá ṣe ní gbọ̀ngàn yín?

ZIONE: Kóòtù ń fi í hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wezi, ògbufọ̀ wa, wà ní Mzuzu, á máa fọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún wa lórí fídíò. Mo wá ṣèlérí fún àwọn tó pé jọ síbí pé kóòtù á wà lójú mọ́nítọ̀ kan, ọwọ́ Wezi á wà lójú èkejì, á tóbi, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè rí i.

ULEMU: Ọgbọ́n nìyẹn.

ZIONE: Ọgbọ́n ni. Àmọ́ kóòtù ló wà lójú méjèèjì.

ULEMU: Fi Wezi sí—

ZIONE: Tí mo bá fi Wezi sí i, Wezi lójú méjèèjì! Ìgbà mẹ́fà ni mo ti yí i padà. Bí ìbejì ni wọ́n ń ṣe.

ULEMU: Ṣé wáyà ẹlẹ́nu méjì lo fi so wọ́n?

ZIONE: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi ní á—

ULEMU: Ẹni tó tà á fẹ́ tà á ni. Wáyà yẹn, ọbẹ̀ kan náà ló ń bù sí abọ́ méjì. Kò mọ ọbẹ̀ kejì sè. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń ha.]

ZIONE: Ẹ ní kí n se ọbẹ̀?

ULEMU: Mo ní kí o yọ wáyà yẹn!

ZIONE: Ẹ dúró ná— hàá! Ẹ̀gbọ́n!

ULEMU: Kí ló dé?

ZIONE: Wọ́sáàpù mi ṣí sórí láptọ́ọ̀pù yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

ULEMU: Ọ̀rọ̀ wo?

ZIONE: “Ṣé ṣòkòtò Msukwa ṣì ń bá yín gbálẹ̀ ilé ìwé?”

ULEMU: Yéè! Ta ló rí i?

ZIONE: Gbogbo ayé. Lójú méjèèjì. Ọ̀gá Msukwa, ọ̀gá ilé ìwé wa fúnra wọn, iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí.

ULEMU: Kí ni wọ́n ń ṣe?

ZIONE: Wọ́n ń wo ṣòkòtò wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sì ń fọwọ́ ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀.

ULEMU: Sọ pé Msukwa mìíràn ni.

ZIONE: Msukwa mélòó la ní?

ULEMU: Ó dáa, gbàgbé ìyẹn. Wo ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Yàtọ̀ sí ihò tí o ki wáyà bọ̀, ihò wo ló tún wà?

ZIONE: Kékeré kan wà níbí. Ó pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ rí roboto.

ULEMU: Ṣé wọ́n ya nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

ZIONE: Bíi mànàmáná.

ULEMU: A ti là! Ibẹ̀ máa ń gbé àwòrán. Mọ́nítọ̀ kan á gba ihò ńlá, èkejì á gba kékeré yẹn. Àmọ́ wàá nílò àdápítà tó ń so wáyà ńlá mọ́ ihò kékeré.

ZIONE: Ibo ni mo ti fẹ́ rí i? Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá!

ULEMU: Ta ló máa ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sípàdé níbẹ̀?

ZIONE: ...Ọ̀gá Msukwa.

ULEMU: Ó parí.

ZIONE: Ẹ dúró. [Ìró bàtà. Ohùn lọ́nà jíjìn.] Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó wà lápò ṣòkòtò náà gan-an. Wọ́n ní kò ní jáde níbẹ̀ àfi tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n. Mo ti gbé yín sí sípíkà.

ULEMU: Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ má bínú. Ṣòkòtò yín dára, ó balẹ̀ bí ti èèyàn pàtàkì—

MSUKWA: Ó tó, Ulemu. Ìyá rẹ ló rán ṣòkòtò yìí.

[Ẹ̀rín.]

ULEMU: Màmá?

ZIONE: Wọ́n ti fún mi! Wọ́n ti fún mi, mo ń so ó.

ULEMU: Bàbá Likagwa ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì bínú?

ZIONE: Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Wọ́n sọ fún mi lánàá pé ohun rere tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ àwọn, ọjọ́ kejì ni àwọn máa ń mọ̀. Ọjọ́ tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé, wọ́n wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, Bàbá ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní lọ́tẹ̀ yìí, àwọn fẹ́ mọ̀ ọ́n bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

[Ariwo ẹ́ńjìnnì.]

ULEMU: Tẹ àdápítà yẹn wọlé dáadáa.

ZIONE: Ó ti wọlé. Ó dúdú! Ó ní “No signal”.

ULEMU: Bọ́tìnì wà lábẹ́ mọ́nítọ̀ yẹn. Tẹ̀ ẹ́, yan ihò tí wáyà wà. Ṣé o gbọ́ mi? Kì í ṣe èyí tó ń pa á o—

ZIONE: Mo ti pa á.

ULEMU: Zione!

ZIONE: Mo ti tàn án padà! Ó ti ń mọ́lẹ̀. Ó... kóòtù lójú méjèèjì.

ULEMU: Má bẹ̀rù. Di bọ́tìnì tó ní fèrèsé mú, kí o tẹ P.

[Ìlà ń ha.]

ZIONE: B?

ULEMU: P! P bíi pákó!

ZIONE: Nǹkan yọ. “Duplicate” ló wà lórí rẹ̀.

ULEMU: Ìyẹn ni ìbejì rẹ. Yan “Extend”.

ZIONE: Mo ti— ha! Èkejì ti ṣófo! Òdòdó ló wà níbẹ̀!

ULEMU: Òdòdó dára. Fa Wezi lọ síbẹ̀.

ZIONE: Ó ti dé ìparí ojú láptọ́ọ̀pù. Kò sọ́nà mọ́.

ULEMU: Ọ̀nà wà. Má dúró ní ààlà, máa tì í lọ!

ZIONE: Ó ń... apá rẹ̀ kan ti kọjá. Orí rẹ̀... Ó ti wọlé! Wezi ti wọlé! Kóòtù wà lọ́tùn-ún, Wezi wà lósì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun!

ULEMU: Aago mélòó?

ZIONE: Mẹ́wàá. Wọ́n ti ń wọlé. Adájọ́ ti jókòó.

ULEMU: Má gé e o. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń gbọ́ ọ báyìí, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ gé e.

ZIONE: Wọ́n ń pe orúkọ. Tiyamike kọ́... òun kọ́... Òun ni! Adájọ́ pè é, Wezi sì fọwọ́ pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ti ń na ara sókè lórí àga. Tiyamike dìde, ó wọ aṣọ dúdú, ó dé irun funfun àwọn lọ́yà.

ULEMU: Kí ni Bàbá ń sọ?

ZIONE: Wọ́n ní ta ló fi irun àgùntàn dé ọmọ àwọn lórí.

[Ẹ̀rín nínú bọ́ọ̀sì.]

ULEMU: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí?

ZIONE: Ó ń búra. Ọwọ́ Wezi ò dúró. Ẹnu Bàbá ń mì, wọ́n ń bá a búra. Gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan ò fò wọ́n. Ó ti búra tán! Adájọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́!

[Ìdákẹ́ pátápátá.]

ULEMU: Zione? Zione! Ìlà ti já ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ZIONE: [ohùn ẹkún àti ẹ̀rín] Kò já. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ni.

ULEMU: Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

ZIONE: Ọwọ́ wọn wà lókè. Báyìí làwọn adití ṣe ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń mì í lókè ni. Ọgọ́rin èèyàn, ẹ̀gbọ́n. Ó dà bí ewé nínú atẹ́gùn. Bàbá gbé tiwọn sókè jù.

ULEMU: Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ará bọ́ọ̀sì, ó ní ọwọ́ ni wọ́n ń mì lókè... Zione, wọ́n ti ń gbé ọwọ́ sókè níbí náà! Gbogbo wọn! Dírẹ́bà, ọwọ́ kan ti tó! Mo ní ọwọ́ kan—

[Ìlà já.]