Èmi Ni Mo Dín Aṣọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi, ẹ dá ẹ̀rọ ìránṣọ yín dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó síbí yìí ti dárí jì mí, àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Aláàánú kò tíì mọ ẹni tí ẹ ń kí.

Dókítà kan náà ló kìlọ̀ fún àwa méjèèjì pé ara tí a gbé rù yìí ti pọ̀ jù fún ọkàn wa. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ olùkọ́, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀, ó dín oúnjẹ alẹ́ kù, ó fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Èmi, ojú ń kán mi. Mo febi pa ara mi, mo mu oríṣiríṣi tíì tó ń múni rù. Mo rù lóòótọ́, àmọ́ kò pẹ́ tí mo tún fi sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí i pé, "Olùkọ́, ẹ ti padà di ọmọge," inú mi ń ta bí ata. Ẹ wo ìkà. Ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ni mò ń ṣe ìlara rẹ̀.

Ó kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n tún etí rẹ̀ ṣe. Mo tún un ṣe, àmọ́ mo tún rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Nígbà tó wọ̀ ọ́, síìpù kọ̀, kò gòkè. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé mo tún ti ń sanra ni?" Mo ní, "Bóyá bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn. Ẹ má pa ara yín." Ó sunkún. Ọwọ́ tó rán an náà ni mo fi nu ojú rẹ̀. Nígbà tó tún kó òmíràn wá, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pa ìrìn tì, ó padà sídìí àwo.

Kò pẹ́, ó dákú níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ní ọsibítù, dókítà bi í pé kí ló dé tó fi jáwọ́. Ó ní, "Aṣọ mi ló sọ fún mi pé asán ni mò ń ṣe." Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kí n jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀." Ó wá sọ fún mi pé, "Tí mo bá kúrò níbí, ìwọ ni wàá máa wá kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ká jọ rìn. Tí o kò bá wá, màá mọ̀ pé o kò tíì bẹ̀ mí."

Mo lọ. Kò rọrùn. Òjò dá wa dúró, orókún mi wú, ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀, a sì jẹun bí ẹran tó já okùn. Mo ní ká fi ìrìn náà di ọdún tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó ṣubú lójú ọ̀nà, ṣé ilé ló máa padà sí kó tó tún gbéra? Wọ bàtà rẹ." Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn náà ṣe mọ́ wa lára, tó wá dà bí ẹni ń fọ eyín.

Dókítà ti dín oògùn àwa méjèèjì kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré níbi eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́, ó ṣe ipò kejì. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Tí ẹnì kejì yín bá ń ṣe dáadáa, tí inú yín sì ń ta, ẹ má fà á sẹ́yìn. Ẹ sáré bá a. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.