Omi Tí Mo Mu Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn orin wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ ààwẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni Abdullateef Fàsásì, ọmọ oníṣòwò obì ní Ṣàgámù. Èmi ni mo ń kọrin tí mo sì ń fọn fèrè nínú Awẹ́ Méjì, Boaz Kọ́mọláfẹ́ ló ń ta gìtá. Ilé ìyá rẹ̀ ní Ìlíṣàn ni ẹ̀gbọ́n mi Kareemat gba yàrá sí. Mo gbé gàrí lọ fún un lọ́jọ́ kan, mo bá Boaz ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ta gìtá onígi, orin bulúùsì tó ń wọni lára. Mo fa fèrè mi yọ lápò. Kò ní kí n wá, kò ní kí n máa lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ní orin méjì. Obì gbànja kì í ju awẹ́ méjì lọ, ibẹ̀ la ti mú orúkọ wa.

Sátidé nìkan ni wàhálà wa. Ìjọ tó ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́ ni wọ́n ń lọ nílé wọn. Láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí oòrùn Sátidé fi máa wọ̀, Boaz kì í ta gìtá òde, kì í tan fóònù. Àmọ́ tí Rámádáànì bá dé, èmi ló máa ń fi ṣe aago. Á ní, "Látì, tó o bá ti ṣínu, èmi náà ti bọ́." Tí mo bá ti fi dàbínù sẹ́nu, á gbé gìtá. Ta ló máa fura sí ẹni tí ebi ń pa láti òwúrọ̀?

Nínú ààwẹ̀ ọdún kan, Ọ̀gbẹ́ni Bánkọ́lé, tó máa ń gbé olórin jáde, wá láti Èkó sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣàgámù láti gbọ́ wa. Sátidé ni. Ó ti ṣèlérí pé òun á dúró di alẹ́, àfi bó ṣe yọjú sí yàrá tí a ti ń dúró. "Tírélà ti ń dí ọ̀nà. Ẹ kọrin báyìí, tàbí kí n máa lọ." Boaz ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oòrùn ò tíì wọ̀." Yàrá náà ò ní fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ò sì jẹ́ ká gbọ́ ìpè ìrun. Mo ní kí n lọ wo ìta. Oòrùn ṣì wà lókè òrùlé, kò kánjú. Èmi ni mo ń kánjú. Mo padà wọlé, mo ní "Bísímílááhì," mo jẹ dàbínù, mo mu omi. Èmi tí mo gbààwẹ̀ látàárọ̀, ẹ gbọ́ o. Boaz wo ẹnu mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó gbé gìtá.

Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ jáde kó rí oòrùn, ni mo bá ń fa orin gùn, mo ń fi fèrè lé fèrè, títí ilẹ̀ fi ṣú. Bánkọ́lé gbà wá. Ibẹ̀ ni orin tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò ti wá.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Ní Sátidé kejì, Boaz mú mi lọ sí ìjọ wọn, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló dá ọkùnrin náà dúró títí Ọjọ́ Ìsinmi fi parí. Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀. Pásítọ̀ bi mí pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ọ̀dájú ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ fún Boaz. Ó ń so okùn gìtá lọ́wọ́, ó so ó tán, ó ní, "Látì, ṣé o ti san ààwẹ̀ yẹn?" Mo ní rárá. "Lọ san án. Èmi á bá Ọlọ́run sọ tèmi, màá sì lọ tún ẹ̀rí yẹn sọ." Mo bi í bóyá Awẹ́ Méjì ti tú nìyẹn. Ó ní, "Kò tú. Mo ti dárí jì ẹ́."

Mo ti rí àáfà wa, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ààwẹ̀ tó ní kí n fi san án. Ara mi fúyẹ́, mo ń sùn bí ọmọ tuntun. Ẹ̀yin ìjọ Boaz, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọrin, ẹni tó bá fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sọ́wọ́ yín, ẹ má fi ra òde eré. A máa kọrin ní Ìkẹ́nnẹ́ ní Sátidé yìí, lálẹ́. Boaz ti sọ fún mi pé òun á máa jáde lọ wo oòrùn fúnra òun. Mo ní ó dáa.